Oúnjẹ Etí Òkun: Ìdílé, Owó àti Èdè Nídìí Àwo

 

Nígbà tí ẹ̀ka wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn, ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni pé n óò sọ̀rọ̀ lórí ìjálá, tàbí kí n mú ìwé ìtàn-àròsọ kan kí n máa tú u wò. Orí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ya àwọn kan lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bi mí léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ilé oúnjẹ olówó gọbọi tí ó wà létí òkun, èyí tí àwọn ìdílé máa ń wọ́ lọ ní ọjọ́ Àìkú àti ní ọjọ́ ọdún. Mo ní ó kàn mí, nítorí pé ibi tí ènìyàn ti ń jẹun ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n ṣẹ̀dá àlọ́ kò sì tẹjú mọ́ ìṣe kankan tó oúnjẹ jíjẹ. Bí a bá yọ oúnjẹ kúrò nínú àlọ́ Ìjàpá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù, ìyẹn náà yóò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀. À ń jẹ iṣu, à ń jẹ oyè, à ń jẹ ayé, à ń jẹ èrè, à ń jẹ gbèsè, a sì ń jẹ ìyà. Ẹni tí ó bá lọ jẹ ẹja létí òkun lè jẹ mẹ́ta nínú wọn lórí ìjókòó kan ṣoṣo: yóò jẹ ẹja, yóò jẹ ayé, bí kò bá sì ṣọ́ra, yóò jẹ gbèsè dé ìparí oṣù. Òkun pàápàá ń jẹ. N óò padà sórí ìyẹn láìpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́ bí a ṣe ń ra oúnjẹ jẹ níta. Láti ìgbà tí a ti ní ìlú ńlá ni a ti ní obìnrin tí ó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná káàkiri ní òwúrọ̀, tí òmíràn ń din àkàrà ní ìkóríta, tí òmíràn sì ń kiri mọ́ínmọ́ín ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àtùpà lórí igbá. Ìpolówó ọjà tí wọ́n ń ké jẹ́ ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn tí àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lé lórí. Nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ náà 'bùkà' ti ilẹ̀ Haúsá wá, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ àtíbàbà oníkoríko; àwọn ọ̀mọ̀wé wa tí wọ́n fẹ́ràn àwàdà fi ìrù òyìnbó kún un, ó di 'bùkátéríà'. Oúnjẹ àrà-jẹ kì í ṣe àlejò láàrin wa.

Ohun tí ó jẹ́ àlejò ni tábìlì. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó. Nínú agbo ilé àtijọ́, bàbá a máa dá jẹun tirẹ̀, ọmọdé kan a sì máa jókòó sí tòsí, tí ó ń retí èyí tí bàbá yóò ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ á yí àwo kan ká, ọwọ́ wọn á máa wọlé tẹ̀lé ara wọn, ẹni tí ó kéré jù ni yóò sì kó àwo náà lọ fọ̀. Ẹran wà lọ́wọ́ ìyá. Òun ni ó mọ ẹni tí ó kan àyà adìẹ, tí ó mọ ẹni tí ó kan ọrùn, ẹni tí ó kan ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bi í pé èló ni ó ra adìẹ náà. Ètò ọjọ́ orí, ètò ipò àti ètò ìfẹ́ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kọ wọ́n sílẹ̀.

Ní ilé oúnjẹ etí òkun, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kan wà níwájú oníkálukú, orúkọ oúnjẹ wà ní apá òsì, iye owó wà ní apá ọ̀tún. Mo ti ṣọ́ ojú àwọn tí ó ń ka ìwé yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Apá ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Bàbá ń kà á láti mọ ohun tí ó ń bọ̀ wá bá òun, ìyá ń kà á láti mọ èyí tí òun yóò sọ pé òun kò fẹ́, ọmọ tí ó ti lóye ń kà á láti mọ èyí tí kò ní dójú ti àwọn òbí òun. Ọmọ tí kò tí ì lóye nìkan ni ó ń wo àwòrán.

Àwọn alálọ̀ọ́ wa ti mọ̀ pé jíjẹun lójú ará jẹ́ ìdánwò ìwà. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn bí Ìjàpá ṣe pá lórí. Ó lọ sí ilé àna rẹ̀, ojú ń tì í láti sọ pé ebi ń pa òun, nígbà tí ìdí ìkòkò sì dá, ó bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà, ó dé e. Àwọn àna ń sìn ín lọ sọ́nà, wọn kò tètè padà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀bẹ ń jó o ní àtàrí, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà, wọ́n ní rárá, àwọn yóò sìn ín dé ìkóríta. Nígbà tí a jẹ́ ọmọdé, wọ́n ní ọ̀kánjúwà ni àlọ́ náà ń bá wí. Mo ti ń kọ́ni ní àlọ́ yìí fún ọdún pípẹ́, ó sì ti wá hàn sí mi pé ìtìjú ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí ju ọ̀kánjúwà lọ. Bí Ìjàpá bá ti jókòó tí ó ní, 'Ẹ̀yin àna mi, ẹ bu díẹ̀ fún mi', àlọ́ kò ní sí. Ohun tí ó jó o lórí ni àpọ́nlé tí ó fẹ́ kí wọ́n máa fún òun. Ọ̀pọ̀ olórí ìdílé ni mo ti rí létí òkun tí ẹ̀bẹ wà lábẹ́ fìlà wọn: wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n mú ohun tí ó bá wù wọ́n, òógùn sì ń sun.

Àlọ́ kejì ni ti Ajá àti ìyá rẹ̀. Bí a ti ń pa á ní ọ̀pọ̀ ibi, ìyàn mú, àwọn ẹranko pinnu láti pa àwọn ìyá wọn jẹ, Ajá sì gbé ìyá tirẹ̀ lọ pamọ́ sí ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, yóò lọ dúró sí abẹ́ ọ̀run, yóò kọrin, ìyá yóò ju okùn sílẹ̀, Ajá yóò gùn ún lọ, yóò jẹun yó, yóò sì padà wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ wọn ti wọnú. Ìjàpá ṣọ́ ọ, ó kọ́ orin náà, ó sì kó àwọn yòókù lẹ́yìn. Ìyá gé okùn nígbà tí ó mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ òun ni ó ń bọ̀, gbogbo wọn sì já wálẹ̀. N kò mọ àlọ́ mìíràn tí ó sọ báyìí fún wa pé oúnjẹ lè wà lọ́pọ̀ yanturu, kí ó sì jẹ́ pé orin ni ó ṣòro. Ẹni tí ó mọ orin ni okùn ń sọ̀kalẹ̀ fún. Ẹ fi àlọ́ yìí sọ́kàn bí a ti ń lọ sí etí òkun.

Láti Ìsọlọ̀ níbí, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà ni Òṣòdì sí Òwòròńṣòkí, kí a tó gun afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Bí a bá ń lọ, Makoko wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa lórí ọ̀sà, pẹ̀lú èéfín àwọn obìnrin Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ tí wọ́n ń yan ẹja. Ọ̀pọ̀ ẹja tí ìlú Èkó ń jẹ ni ó ń gba inú èéfín yẹn kọjá. Àwa tí a ń lọ jẹ ẹja ní Victoria Island máa ń gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè níbẹ̀ nítorí òórùn.

Nígbà kan, etí òkun kò ní ẹnu ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, Bar Beach ni àwọn ìdílé ilẹ̀ Èkó ń lọ ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Àjíǹde àti ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ìrẹsì àti ẹran wà nínú kúlà tí ìyá gbé láti ilé, ẹni à ń tẹ́ sórí iyanrìn wà nínú ọkọ̀, ayàwòrán ń kiri, ẹlẹ́ṣin ń gbé ọmọdé gun ẹṣin, àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà ní ìgun kan. Ibi kan náà ni a ti ń yìnbọn pa ènìyàn lójú gbogbo ayé: ní ọjọ́ 8 oṣù September, ọdún 1971, níbẹ̀ ni wọ́n ti pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn olè ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wá wòran. Àwọn tí ó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ẹ̀pà rí ọjà tà lọ́jọ́ náà. Kò sí ọ̀rọ̀ Èkó tí a lè sọ kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ má jẹ yọ.

Mo ní òkun náà ń jẹ. Láàrin 1908 àti 1912 ni ìjọba amúnisìn fi òkúta kọ́ ògiri sí ẹnu ibodè tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ èbúté Èkó, kí iyanrìn má baà di ọ̀nà ọkọ̀. Ìgbì etíkun wa a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri dí i lọ́nà, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, apá ìlà-oòrùn níbi tí Bar Beach wà kò sì rí èyí tí yóò fi dípò ohun tí ìgbì ń kó lọ. Báyìí ni òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ náà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan, omi yóò kún bo ọ̀nà Ahmadu Bello. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìjọba yóò da iyanrìn sí i, òkun yóò tún jẹ ẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa iyanrìn sínú òkun láti kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic, tí a gbèrò pé ilẹ̀ rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 10 kìlómítà níbùú lóròó. Òkun pọ ohun tí ó jẹ, ilé gíga bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí rẹ̀, ibi tí a ń tẹ́ ẹní sí kò sì sí mọ́.

Ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn ni Maroko wà. Ní oṣù July ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n wó o. Iye tí a sábà máa ń kà nínú ìwé ni pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni kò nílé mọ́. Wọlé Ṣóyínká gbé àwọn tí a lé kúrò níbẹ̀ sórí ìtàgé nínú The Beatification of Area Boy ní 1995, Chris Abani sì fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ìtàn nínú GraceLand ní 2004. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ méjèèjì. Lórí ilẹ̀ Maroko àti ní àyíká rẹ̀ ni àwọn ilé olówó ti gòkè wá lẹ́yìn náà, àwọn ilé oúnjẹ etí òkun sì tẹ̀lé wọn. Àwọn tí ó ń jẹun níbẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó ń jẹun mọ orúkọ ilẹ̀ tí àga rẹ̀ wà.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí àlàyé láìsí àpẹẹrẹ kò ní adùn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ wa kejì parí ìsìnlú, ó ríṣẹ́, ó gba owó oṣù àkọ́kọ́. Ẹ mọ àṣà wa: owó oṣù àkọ́kọ́, iwájú àwọn òbí ni a ń gbé e sí kí wọ́n fi àdúrà sí i. Ọmọ yìí ní òun kò ní gbé owó sínú àpò ìwé. Ó ní òun yóò bọ́ wa. Àwa méje ni a jáde ní Ìsọlọ̀: ọkọ mi, èmi, ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti lé ní 80 ọdún, àti àwọn ọmọ mẹ́rin. Ilé oúnjẹ náà kò nílò orúkọ níbí.

Nígbà tí a jókòó, Màámi wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí ìdílé kan tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ohun mímu wa ti dé. Wọ́n gbé ife sókè, wọ́n ní, 'Ẹ bá wa re o.' Àwọn yẹn wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n kọjá. Ní ilé wa, èsì ọ̀rọ̀ yìí ni 'Á gba ibi ire', ẹni tí a pè kì í sì í sábà jẹ nínú rẹ̀; ìpè náà ni ó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ní ibi tí a ti ṣírò oúnjẹ lé orí oníkálukú, ìpè yìí kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ní ẹ̀yìn ọgbà onípákó tí ó pààlà láàrin wa àti iyanrìn, àwọn ọmọ kan gbé ẹ̀pà àti ọsàn lórí, wọ́n ń wò wá. Màámi kò tún sọ ọ́ mọ́. Àwọn àgbà ní àjùmọ̀jẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Wọ́n ti gbàgbé láti sọ bí ó ṣe ń rí bí ọgbà bá wà láàrin.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gbé oúnjẹ wá bá wa. Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ, Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán, tí wọ́n kọ́ ọ fún iṣẹ́ náà. Ó ní gbogbo ẹja tí ó wà nínú ìwé ni wọ́n mú jáde nínú omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Màámi bi mí pé kí ni ó wí, mo sọ fún wọn. Wọ́n bá pe ọmọ náà súnmọ́ wọn.

'Ọmọ mi, níbo lò ń gbé?'

'Ẹ̀jìgbò ni, mà.'

'Ẹ̀jìgbò wa níhìn-ín? Ará ilé ni ọ́ nígbà náà. Wò mí lójú. Èwo nínú ẹja yìí ni ó dára?'

Ọmọ náà wo ẹ̀yìn, ó tẹ orí ba, ohùn rẹ̀ sì yí padà. 'Màmá, ẹ má jẹ croaker. Ó ti pẹ́ nínú yìnyín. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹja àrọ̀ wá fún yín. Òun ṣì wà láàyè nínú agbada omi lẹ́yìn ilé.'

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé a gba afárá kọjá, a sanwó ẹnu ọ̀nà, a jókòó níwájú òkun ńlá tí ó lọ títí dé Amẹ́ríkà, tí a sì jẹ ẹja àrọ̀ tí a fi oúnjẹ sìn nínú ìkùdù, irú èyí tí wọ́n ń tà láàyè ní ọjà Ìsọlọ̀.

Nígbà tí ẹja náà dé, kò ní orí. Màámi béèrè. Ọmọ náà ní wọ́n máa ń gé e kúrò nínú ilé ìdáná, nítorí pé àwọn oníbàárà kò fẹ́ kí ẹja máa wò wọ́n.

'Ta ni ó wá ń jẹ ẹ́?'

'Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ni, mà.'

'Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́.'

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìyípadà ohùn ọmọ náà. Ohun tí ó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni. Ohun tí ó sọ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Èmi kò sọ pé èdè Yorùbá kì í purọ́. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́jà Aswani yóò fi mí rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní ilé oúnjẹ yẹn, èdè kan wà fún títà, èdè kan sì wà fún ará ilé, ẹni tí kò bá ní èkejì yóò jẹ ẹja inú yìnyín. Àwọn ọmọ mi mẹ́rin, tí mo bí, tí mo tọ́ ní Ìsọlọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ní ilé, wọ́n ń sọ Yorùbá. Níbi oúnjẹ olówó gọbọi, ó dàbí ẹni pé ahọ́n wọn wọ bàtà. Orin Ajá ni Màámi kọ tí okùn fi sọ̀kalẹ̀, orin náà kò sì ṣòro kọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọkùnrin tí ó ń kọ̀wé lórí àṣà kì í sábà rí. Ìyàwó ilé ni mí. Lójú ìyá ọkọ, èmi ni ó yẹ kí ó máa bu oúnjẹ, kí n mọ ẹran tí ó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí n sì jẹun gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi wà lórí itan mi. N kò rí ohun tí n óò fi ọwọ́ náà ṣe. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màámi wò mí, wọ́n ní, 'Ìyàwó mi, sinmi. Èmi náà ìbá ti fẹ́ rí irú èyí.' Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àwọn tí ó ń bú àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí pé fífi owó ṣòfò ni wọ́n kò tí ì ṣírò ohun tí à ń rà níbẹ̀ tán. Apá kan nínú owó náà jẹ́ owó ẹja, apá kan jẹ́ owó afẹ́fẹ́ òkun, apá kan sì jẹ́ owó ọ̀sán kan ṣoṣo tí obìnrin ilé kò dúró nídìí iná. Èyí ìkẹyìn ni mo rò pé kò wọ́n.

Ètò ọjọ́ orí náà yí padà lójú wa. Àbíkẹ́yìn wa, tí ó jẹ́ pé ìrù ẹja ni yóò kàn án ní ilé, béèrè alákàṣà, iye rẹ̀ sì ju ti bàbá rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Bàbá gbé ojú sókè, ó rántí pé òun kọ́ ni yóò sanwó, ó gbé ojú sílẹ̀. Tábìlì ti sọ ọmọ di ẹgbẹ́ bàbá fún wákàtí méjì. N kò tí ì mọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára. Mo kàn mọ̀ pé ìtàn-àròsọ odidi kan wà nínú ìwò kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé owó náà, nítorí òun pàápàá jẹ́ àyọkà tí ó yẹ ní kíkà. Ká ní oúnjẹ ìdílé kan jẹ́ ₦100,000. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ irú èyí máa ń fi 10 nínú 100 lé e fún iṣẹ́ àwọn tí ó gbé oúnjẹ, ìyẹn ₦10,000. Ìjọba àpapọ̀ ń gba owó-orí ọjà, tí ó jẹ́ 7.5 nínú 100 láti oṣù February ọdún 2020, ìyẹn ₦7,500. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2009 fi 5 nínú 100 lé oúnjẹ ilé ìjẹun, ìyẹn ₦5,000. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú ìwé owó, ₦122,500 ni olórí ìdílé yóò san, láìtí ì ka owó ẹnu ọ̀nà àti epo ọkọ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ₦70,000. Èyí túmọ̀ sí pé kí òṣìṣẹ́ kan tó lè san ìwé owó yẹn, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì láìfi ẹnu kan nǹkan. Bí ó ti ń rí yìí náà ni àwọn ilé oúnjẹ náà ṣe ń kún ní ọjọ́ Àìkú, àwọn tí ó sì kún inú wọn kì í ṣe olówó nìkan. Ọ̀pọ̀ ni ó ń ti Òṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Ẹ̀jìgbò lọ, tí wọ́n ti fi oṣù mẹ́ta tọ́jú owó nítorí ọjọ́ ìbí ẹnìkan.

Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ wó ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti ilé fàájì ní etí òkun Landmark ní Oníru, nítorí ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń là láti Èkó dé Calabar, èyí tí wọ́n ní yóò tó 700 kìlómítà. Ariwo pọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́, àwọn gbajúmọ̀ sunkún lé e, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, òótọ́ sì ni. Ẹ̀dùn náà tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Òṣòdì, ẹ rántí oṣù January ọdún 2009, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kó àwọn àtíbàbà ẹ̀bá ọ̀nà àti ojú irin kúrò. Ẹ rántí oṣù January ọdún 2016, nígbà tí wọ́n wó ọjà Owónifáàrí. Àwọn olóńjẹ wà nínú àwọn tí ó pàdánù àyè: obìnrin tí ó mọ ọmọ-iṣẹ́ tí kò ní owó títí di ọjọ́ Ẹtì, tí ó mọ awakọ̀ tí dókítà ní kí ó má jẹ iyọ̀. Nígbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ ni pé Òṣòdì ti mọ́. Ọ̀rọ̀ 'mọ́' yìí ni kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ bá mi yẹ̀ wò. Bùkà tí ó wó jẹ́ ìdọ̀tí tí a gbá, ilé oúnjẹ etí òkun tí ó wó jẹ́ dúkìá tí ó ṣègbé. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni méjèèjì ń tà, ìjọba ni ó sì wó méjèèjì.

Fágúnwà mọ irú ilé kẹta kan. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, àwọn ọdẹ dé ilé Ìrágbèje, wọ́n sì gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ̀kọ́ ni ó fún wọn lójoojúmọ́, kò sì sí ìwé owó. N kò rò pé a lè padà sí ilé Ìrágbèje. Ìlú tí ó ní ènìyàn tó ti Èkó kò lè fi àlejò ṣíṣe nìkan bọ́ ara rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ kéré ju ìyẹn lọ. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, a sì tipa bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀ dé ìpẹ̀kun. Ìwé oúnjẹ kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá, tí ó pe ọ̀bọ̀kún ní ọ̀bọ̀kún, tí ó pe edé ní edé, tí ó sì sọ èwo ni a yan, èwo ni a sè, èwo ni a dín, ẹ̀ka tiwa yìí lè ṣe é láàrin oṣù kan. A ní ọ̀rọ̀ náà tán. Iyì ni a kò fún wọn.

Nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí àwọn bùkà ní Òṣòdì kí wọ́n lọ da ìwé oúnjẹ kọ. Wọ́n padà wá, wọ́n ní kò sí ìwé. Ẹnu ni olóńjẹ fi ń kà á. Mo ní kí wọ́n padà lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan wà nínú èyí tí wọ́n gbà wá, tí ó ka oúnjẹ àti ẹran mẹ́tàdínlógún lórí èémí kan, tí àwọn ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń dá ara wọn lóhùn, tí ó sì fi orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan há àárín wọn bí ìgbà tí akéwì bá ń ki ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ohùn náà sílẹ̀ wà níhìn-ín, ẹ̀rọ náà sì wà lórí tábìlì níwájú alága. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ ná, kí ẹ tó béèrè ìbéèrè yín.